Ṣéènì ìbàdí tí kì í pẹ́ já: ṣé irú tí à ń rà ni, àbí bí a ṣe ń wọ̀ ọ́?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ṣéènì ìbàdí, ẹ dákun, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mẹ́ta ni mo ti rà. Àkọ́kọ́ já níbi tí mo jókòó sí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ mi, èkejì di dúdú, ẹ̀kẹta ń yún mi lábẹ́ ìdodo. Góòlù ni ẹni tó tà wọ́n fún mi pe gbogbo wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yéé fowó ṣòfò, pé ṣéènì ìbàdí kì í ṣe ohun àwọ̀sùn, ọjọ́ òde nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Mi ò gbà. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rà, àbí ọ̀rẹ́ mi ló tọ̀nà?

* * *

Ọ̀rẹ́ yín ò tọ̀nà, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Ṣéènì wà tí èèyàn lè wọ̀ sùn, wọ̀ jí, wọ̀ wẹ̀, tí á sì pẹ́ lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òmíràn wà tí kò yẹ kó kọjá wákàtí mélòó kan lára. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí àwọ̀ kan náà ni wọ́n.

Àtúnṣe ṣéènì ni iṣẹ́ mi, nítorí náà èyí tó bàjẹ́ ni mo máa ń rí. Èyí tó ń pẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ mi. Síbẹ̀, nínú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ mi, ṣéènì fúnra rẹ̀ kì í sábà já. Ẹ wo àkọ́kọ́ yẹn dáadáa. Níbi tí ìkọ́ ti so mọ́ ṣéènì, òrùka wínníwínní kan wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ máa fi ìka yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí ibi tí ẹnu rẹ̀ ti yẹ kó pàdé tí kò pàdé mọ́, àlàfo tín-ín-rín kan tí ojú ṣéènì tó kẹ́yìn gbà yọ. Kò sí ohun tó já. Òrùka ló yanu, torí wọ́n kàn tẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ ni, wọn ò fi iná jó o pọ̀. Ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á fi òrùka mìíràn sí i, á sì jó ẹnu rẹ̀ pa.

Ohun tó sì mú un yanu ni pé orí ìdúró lẹ wà nígbà tí ẹ ń wọn ìbàdí yín. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìdajì wàhálà ṣéènì ìbàdí ti ń bẹ̀rẹ̀. A ń rà á fún ara tó dúró síwájú dígí, ara tó jókòó ló sì máa lò ó.

* * *

Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin yòókù tí ẹ dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú mi kọ lórí wíwọ̀n. Àwọn kan ní kí ẹni tó béèrè lo nọ́ńbà ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn kan ní okùn ni kó fi yí ara, kó wá tẹ́ okùn náà sórí rúlà. Ẹnì kan ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, kó sáà ra èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn.

Nọ́ńbà ṣòkòtò, rárá o. Ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti òmíràn mu, ibi tí ṣòkòtò sì ń jókòó sí kọ́ ni ṣéènì ń jókòó sí. Okùn dáa, bí kì í bá ti í ṣe irú èyí tó ń fà bíi rọ́bà. Téèpù àwọn télọ̀ ló dáa jù. Ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ fẹ́ kó wà: òkè ìdodo níbi tí ara ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ìsàlẹ̀ ìdodo, tàbí orí eegun ìbàdí. Lára ẹnì kan ṣoṣo, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí lè fi ọ̀pọ̀ sẹ̀ǹtímítà jura wọn lọ, nítorí náà ìwọ̀n òkè ò wúlò fún ìsàlẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, kí ẹ má fa ikùn wọlé. (Gbogbo wa la máa ń fà á, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.) Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ìjókòó yẹn ni ìwọ̀n yín. Tí ìka méjì bá lè wọ abẹ́ téèpù nígbà tí ẹ jókòó, ó parí.

Ẹnì kan ti dáhùn pé, "Á wá tú tí mo bá dìde nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni, á sọ̀ díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣéènì tó lẹ̀ mọ́ni pinpin nínú àwòrán, ẹni tó wọ̀ ọ́ ò tíì jókòó ni.

Ní ti èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo èèyàn, ìrù rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìrù ni mò ń pe àfikún tó wà lẹ́yìn, tí ìkọ́ lè mú níbi tó bá wù yín. Tí ìrù náà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ẹ rà á. Tí kò bá ní ìrù rárá, ara ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe é.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní ká so ó mọ́ra gbọn-in kó lè máa ta wá lólobó bí a bá ń sanra, mi ò bá yín jà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ikùn àárọ̀ kọ́ ni ikùn alẹ́. Oúnjẹ, omi, inú wíwú, nǹkan oṣù, gbogbo wọn ló ń yí ìwọ̀n ikùn padà kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ṣéènì á sọ pé nǹkan yí padà, kò ní sọ ohun tó fà á. Tó bá sì ti ń fi àpá sílẹ̀ lára, ẹ tú u sílẹ̀ ní ojú kan tàbí méjì.

Ọkùnrin ńkọ́? Ìbàdí làwọn náà ní.

* * *

Ó yá, ọ̀rọ̀ góòlù, èyí tí ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ lura yín lókè.

Káráàtì ni wọ́n fi ń ka bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú nǹkan. Wúrà ògidì ni káráàtì 24, ó sì rọ̀ jù fún ohun tí bẹ́líìtì àti àga á máa tẹ̀ lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po irin mìíràn mọ́ ọn. Káráàtì 18 ní wúrà 75 nínú 100, òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ ni 750. Káráàtì 14 ni 585, káráàtì 9 ni 375. Fàdákà 925, fàdákà jẹ́ 92.5 nínú 100 níbẹ̀, bàbà ló sì sábà kún ìyókù. Ẹ máa rí òǹtẹ̀ yìí lára ìkọ́ tàbí lára irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà ní ìrù. Ojú rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ fi fóònù ya á, kí ẹ fẹ àwòrán náà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, wúrà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, òde ló kàn mọ sí. Bí wọ́n ṣe fi bò ó ló yàtọ̀. Tí wọ́n bá kàn fi iná mànàmáná bò ó nínú omi wúrà, wúrà náà kì í sábà nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, idẹ ló sì sábà wà lábẹ́. Òmíràn ń jẹ́ vermeil: fàdákà 925 ló wà lábẹ́ tirẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà sì ni pé wúrà orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju máíkírọ́ọ̀nù 2.5 lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní gold-filled ni wọ́n fi iná àti ẹ̀rọ tẹ wúrà mọ́ idẹ; nínú ìlànà yẹn kan náà, wúrà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 1 nínú 20 gbogbo ìwúwo rẹ̀. Ìbàdí kì í ṣe ọrùn. Aṣọ ń ha ṣéènì níbẹ̀ tọ̀sán tòru, òógùn sì ń ṣàn bá a. Èyí tí wọ́n rì sínú omi wúrà lè ṣí kí ọdún tó yí po, kí gold-filled ṣì máa dán lára ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹni tó ní "góòlù tèmi ò ṣí" àti ẹni tó ní "ayédèrú ni gbogbo wọn", kò sẹ́ni tó parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọjà yín ni kì í ṣe ọ̀kan.

Dídú tí ṣéènì dú ò sì túmọ̀ sí pé wọ́n rẹ́ni jẹ. Imí ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára wa ló ń mú fàdákà àti bàbà dú, fàdákà gidi ò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí awọ ara bá di àwọ̀ ewé lábẹ́ ṣéènì, bàbà ló pàdé òógùn. Ọṣẹ àti omi á ṣí i kúrò, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ góòlù káráàtì 18 ni wọ́n pè é fún yín tó wá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á.

Ẹnì kan ní kí a máa fi òòfà dán an wò, pé tí òòfà ò bá ti fà á, góòlù ni. Ẹ má gba ìyẹn gbọ́ o. Òòfà kì í fa idẹ, kì í fa bàbà, kì í fa fàdákà, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fa 316L, ìyẹn irú irin sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì kan tí kì í dípẹtà. Ohun tí òòfà lè fi hàn yín kò ju pé irin lásán wà nínú rẹ̀ lọ. Ó tún lè fa ìkọ́ ṣéènì góòlù gidi, torí sípíríìnì inú ìkọ́ náà lè jẹ́ irin. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ dá ojúlówó padà nítorí èyí.

* * *

Ẹni tí tirẹ̀ ń yún, mo fi tiyín sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí torí ó gba àlàyé.

Níkẹ̀lì, irú irin kan, ni gbogbo yín ń tọ́ka sí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Wọ́n máa ń po ó mọ́ irin ṣéènì tàbí kí wọ́n fi í tẹ́ abẹ́ wúrà, bí wúrà bá sì ti ṣí, níkẹ̀lì kan ara. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan á máa kọ̀ ọ́ lọ ni, kì í sábà gbàgbé. Ọ̀ràn náà pọ̀ débi pé Denmark fi òfin dè é ní 1990, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà sì tẹ̀ lé e. Ní ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ohun tó bá ń pẹ́ lára kò gbọdọ̀ tú ju máíkírógíráàmù 0.5 níkẹ̀lì sílẹ̀ lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àmọ́ kí ẹ tó dá ṣéènì lẹ́bi, ibo gan-an ló ń yún? Ẹ ní abẹ́ ìdodo. Ẹ wo bọ́tìnnì jíǹsì yín, ẹ wo irin bẹ́líìtì yín. Ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń kan. Bí níkẹ̀lì ṣéènì bá ni, gbogbo ibi tí ṣéènì bá yí ká ló lè pọ́n, kódà ní ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo níwájú ló ń sú, bọ́tìnnì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ bọ́ ṣéènì fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa wọ jíǹsì yín lọ bó ṣe wà, ẹ ó rí i. Ọṣẹ tí a ò ṣàn dànù dáadáa lábẹ́ ṣéènì náà máa ń yún èèyàn. Ìyẹn ò nílò ju omi lọ.

Ẹni tó ní kí ẹ fi ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, irú èyí tí à ń kùn sí èékánná, kun inú ṣéènì: ó ń ṣiṣẹ́, fún ìgbà díẹ̀. Lára ìbàdí á ha kúrò kíákíá, ẹ ó sì máa kùn ún lákùntúnkùn. Lára bọ́tìnnì ló ti wúlò. Tó bá dá yín lójú pé níkẹ̀lì ni, irin tó ń jẹ́ titanium ni kí ẹ wá. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì 316L ní níkẹ̀lì nínú, ṣùgbọ́n ó há a mọ́ra, ọ̀pọ̀ àwọn tí níkẹ̀lì ń yún ló sì ń wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, tó ń tú omi tàbí tó ń bó, dókítà awọ ara ló máa dán an wò, àwa kọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ oge wá yá. Mo rí i pé ẹ̀yin kan ò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ nípa káráàtì, ẹ fẹ́ mọ èyí tó máa gbé aṣọ yọ.

Irú ojú ṣéènì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ohun tó ń rọ̀ lára rẹ̀. Èyí tó yí rogodo tí kò ní ojú, tí wọ́n ń pè ní snake, àti èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń kọ mànà, ìyẹn herringbone, wọ́n rẹwà lọ́rùn. Ní ìbàdí, ẹ máa ká wọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹ bá jókòó, ojú ibi tó ká yẹn ò sì ní tọ́ mọ́ láé. Wọ́n máa ń gbé e wá fún mi pé kí n nà á. Kò ṣeé nà. Èyí tó ní ojú gbangba, tí ojú kan kọ́ ojú kejì, ló mọ bí a ti ń bá ara ká. Bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ nínú ojú yẹn, a lè pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á máa gé sára nígbà tí ẹ bá jókòó. Bó bá wúwo jù, á máa fa ara rẹ̀ wálẹ̀ sórí eegun. Ohun tó ń rọ̀ lára rẹ̀, ìràwọ̀ ni o, péálì ni o, kí ó wà níwájú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wà lẹ́yìn níbi tí ẹ máa fẹ̀yìn tì.

Ṣé abẹ́ aṣọ ni àbí orí aṣọ? Ẹ̀yin tí ẹ ní orí aṣọ ni "ìwà àgbàyà", ẹ̀yin tí ẹ ní abẹ́ aṣọ ni "ìfowóṣòfò", ẹ fi ara yín sílẹ̀. Ìwọ̀n ló kàn yàtọ̀: èyí tó máa wà lórí aṣọ gbọ́dọ̀ gùn ju ti ara lásán lọ, aṣọ ló pinnu iye rẹ̀. Lórí aṣọ tó tẹ́jú tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ló ti ń yọ jù. Léèsì àti aṣọ tí wọ́n fi òwú hun, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wọn, torí ìkọ́ á fa okùn kan yọ níbẹ̀, léèsì ló sì máa jìyà, kì í ṣe ṣéènì.

Ẹni tó bá fẹ́ to méjì tàbí mẹ́ta, kí ó jẹ́ kí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà mélòó kan jura wọn lọ, kí ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ kí òmíràn nípọn. Wúrà àti fàdákà pọ̀? Ó bá ara mu, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Èyí tí mi ò fẹ́ ni kí sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì máa ha èyí tí wọ́n fi wúrà bò. Sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì le jù ú lọ, á sì ha wúrà náà kúrò níṣojú yín.

* * *

Ìtọ́jú. Ọṣẹ ìfọyín tí ẹ̀yin márùn-ún ti kọ sókè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún eyín. Nǹkan tó ń ha ìdọ̀tí kúrò wà nínú rẹ̀, fàdákà àti wúrà sì rọ̀ débi tí yóò fi ha àwọn náà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ nù ún gbẹ. Èyí tí wọ́n fi wúrà bò ò gbọdọ̀ rí búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ tó rọ̀ ti tó o.

Fàdákà ògidì tó ti dú: ẹ tẹ́ bébà fọ́ìlì sínú abọ́, ẹ gbé ṣéènì lé e kó kàn án, ẹ wọ́n báàkìn sódà sí i, kí ẹ wá da omi gbígbóná lé e lórí. Á hó, ẹ sì lè gbóòórùn ẹyin tó bàjẹ́. Imí ọjọ́ tó ń fi fàdákà sílẹ̀ lọ bá fọ́ìlì nìyẹn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ yọ ọ́. Àmọ́ ẹ má dán an wò lára èyí tó ní péálì tàbí òkúta tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ẹ má sì dán an wò lára èyí tí wọ́n fi wúrà bò. Péálì ò fẹ́ lọ́fínńdà bákan náà. Ẹ fín lọ́fínńdà tán, kó gbẹ, kí ẹ tó wọ ṣéènì.

Ṣé a lè wọ̀ ọ́ wẹ̀? Góòlù gidi, sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì, titanium, omi lásán ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Omi ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n da klorínì sí àti bílíìṣì ni ọ̀tá: wọ́n ń mú fàdákà dú, wọ́n sì ń jẹ irin tí wọ́n pò mọ́ wúrà, pàápàá níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó wọ omi yẹn.

* * *

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn nípa èyí tí kò ní ìkọ́, tí wọ́n á jó mọ́ni lára pátápátá: ó wà, ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi ń jó ẹnu òrùka náà, wọ́n sì máa ń fi awọ pẹlẹbẹ kan há àárín òun àti ara. Iná rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ó dáa lọ́wọ́. Ní ìbàdí, mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, torí kò sí ìrù tí ẹ máa tú bí ikùn bá tóbi. Tí ẹ bá ta kú pé òun lẹ fẹ́, ẹ jókòó kí wọ́n tó wọn yín, kí ó sì jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn àti aláboyún, kí wọ́n má ṣe é.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, yẹ̀ yín wò, wọ́n máa ní kí ẹ bọ́ ọ, bákan náà ni bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi síṣọ́ọ̀sì gé e níbi tó bá rí. Òrùka tí wọ́n jó ni kí wọ́n gé, òun ló máa ń tóbi díẹ̀ ju ojú tó kù lọ. Ẹ fi ìka wá a kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ so òwú pupa kan mọ́ ọn. Òrùka tuntun kan náà ni ẹni tó máa jó o padà á nílò.